Kóòdù Màmá Púùṣì Wà Lọ́wọ́ Tíṣà Ọkọ̀

Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Màmá Púùṣì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó fà á. Agbẹ̀bí ni, obìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Tó bá dúró nídìí ibùsùn nínú yàrá ìrọbí, tó sì ké "Púùṣì!" kí aboyún lè ti ọmọ jáde, àwọn ọkọ tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fún ikùn wọn pọ̀ láìmọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì sọ pé òun náà máa ń di ògiri mú nígbà mìíràn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ohun tó kó jáde nílé ìwòsàn náà kò pọ̀: bàtà funfun, aago tí wọ́n ń há mọ́ àyà, àti fóònù rẹ̀. Fóònù yẹn gan-an ni dúkìá. Láti ìgbà tó ti ra fóònù tó ń ya fọ́tò, kò sí ọmọ tó gbà tí kò ní bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé kí n yà á?" Bí ìyá bá ti lè mi orí báyìí, ó parí. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú, ló bá a ṣí àkáǹtì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo fọ́tò náà ń lọ pamọ́ sí fúnra wọn. Ó sì ti àgádágodo méjì mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ ni páásíwọ́ọ̀dù. Èkejì ni kóòdù tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ gba orí fóònù àjèjì wọlé.

"Mọ́mì, bí olè bá tiẹ̀ mọ páásíwọ́ọ̀dù yín, ìta ló máa dúró sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Kó dúró síta, kí òjò pa á."

Kò sẹ́ni tó ronú kan ọjọ́ tí òjò máa pa Màmá fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ náà jẹ́ òwúrọ̀ Sátidé. Màmá rẹ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì sínú omi ọṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, fóònù sì yọ́ bọ́ lápò búláòsì rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò mọ̀. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ. Ó fọ̀ ọ́ dáadáa pàápàá, nítorí obìnrin tí kì í fọṣọ ní ìdajì ni, títí ohun líle kan fi gbá a lọ́mọ-ìka. Nígbà tó fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun títì, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà Fóònù, omi ọṣẹ ti ń hó láti ibi tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀.

Dókítà tú u, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì bọ́ awò rẹ̀ kúrò lójú.

"Màmá," ó ní, "ẹ kú ìrọ́jú."

Màmá ra òmíràn. Ó rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, nítorí ohun tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ máa ń sọ ni pé fọ́tò kò sí nínú fóònù, òkè ló wà. Ó sì ní ìdí tó fi fẹ́ rí ọ̀kan nínú wọn kíákíá. Obìnrin kan tí Màmá gbẹ̀bí rẹ̀ nígbà kan ti wá a délé. Ọmọ obìnrin náà ń parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ sì ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò ìgbà tó wà ní ìkókó wá kí àwọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ti ọmọ yìí kò sí. Omi ti wọ ilé wọn lọ́dún tó kọjá, ó sì ti ba gbogbo fọ́tò jẹ́.

"Mo yà á," ni Màmá wí. "Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì bí ẹni pé èmi ni mo jí i lójú oorun. Fọkàn balẹ̀."

Ìlérí tó ṣe nìyẹn kó tó mọ ohun tó wà níwájú.

Nínú ṣọ́ọ̀bù Dókítà ló ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó tọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn, ó wo yíká bóyá ẹnì kan rí i. Lẹ́yìn náà ni fóònù kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó parí sí eéjì àti eéje.

Wọ́n dúró. Màmá gbé fóònù tuntun náà sórí itan, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń dúró de ìkókó tó kọ̀ tí kò ké.

"Ó ń bọ̀," ni Dókítà wí.

Kò wá.

"Màmá, ṣé nọ́ńbà yín ló parí sí eéjì àti eéje?"

Màmá la ẹnu rẹ̀ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pa á dé. Nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó kó wá sí àdúgbò àbígbẹ̀yìn rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn kì í mú dáadáa níbẹ̀, ló bá ra síìmù mìíràn, ó sọ ti àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀. Fóònù tó kú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa, kò bi í ní nǹkan kan rí. Èyí tuntun kò mọ̀ ọ́n rárá.

Wọ́n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Fóònù ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé ènìyàn ni òun, kì í ṣe ẹ̀rọ: kó yan gbogbo àwòrán tí iná ojú títì wà nínú rẹ̀.

"Òpó tó gbé iná náà ńkọ́?" ni Màmá bi í. "Ṣé ó wà lára iná ni, àbí òpó lásán ni?"

"Màmá, èmi náà kò tíì mọ̀ ọ́n di báyìí."

Màmá yan òpó. Fóònù ní kó tún ṣe. Ó fi òpó sílẹ̀. Fóònù tún ní kó tún ṣe. Ìbínú gun orí rẹ̀.

"Èmi! Èmi tí mo fi ọwọ́ méjèèjì yìí gba ènìyàn sáyé, ìwọ lo wá ń bi mí bóyá ènìyàn ni mí?"

Nígbà tí fóònù gbà pẹ̀lú ìnira pé ènìyàn ni, ó béèrè oṣù tí wọ́n ṣí àkáǹtì náà àti orúkọ ajá tó kọ́kọ́ sìn. Màmá kò sin ajá rí. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ló fi orúkọ kan tó bá ẹnu rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n méfò. Níkẹyìn, fóònù ní àwọn máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, àwọn á sì fi èsì ránṣẹ́.

"Síbo?" ni Màmá bi í.

Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè sọ ọ́ jáde. "Sínú àkáǹtì náà, mà."

"Sínú ilé tí wọ́n tì mí mọ́ta rẹ̀?"

"Ibẹ̀ náà ni, mà."

Màmá pe àbígbẹ̀yìn rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn sì pe iléeṣẹ́ tó ni nọ́ńbà àtijọ́ náà. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé nọ́ńbà tí ẹni tó ni ín kò bá lò fún ìgbà pípẹ́, àwọn a máa tà á fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà sì ti wà lórí rẹ̀. Kò sí bí àwọn ṣe lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fọ̀ràn yìí sílẹ̀ ná," ni ọmọ rẹ̀ wí nígbà tó pè padà.

"Kí n fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀?" ni Màmá wí. Ó pa fóònù, ó pe nọ́ńbà ara rẹ̀ àtijọ́.

Ó dún fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin kan gbé e. Kí Màmá tó ní "ẹ ǹlẹ́ o," ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ìrora mà. Ẹ wá ibi kan jókòó sí. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta. Báwo ni ìrora yẹn ṣe ń tẹ̀lé ara wọn sí?"

Màmá gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà.

"Ìrora wo?"

"Ìrora ìrọbí ni, mà. Àbí kò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni, mo ti dàgbà kọjá ọmọ bíbí! Ta ló ń rọbí?"

"Áà, ẹ má bínú mà. Obìnrin yòówù tí mi ò mọ̀ tó bá ti pè mí láàárọ̀, ó ń rọbí ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà ni ọkùnrin náà. Láti ọ̀sẹ̀ tó ti ra síìmù náà ni àwọn obìnrin ti ń pè é tí wọ́n ń béèrè Màmá Púùṣì. Ẹ̀gbọ́n wọn ló fún wọn ní nọ́ńbà, tàbí aládùúgbò, tàbí ẹni tí wọ́n jọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, á ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè, á sì pa á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọ̀kan bú sẹ́kún sí i létí, kò lè pa á. Ó lọ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà sì kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó máa sọ: kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n máa mí, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Mo tiẹ̀ ti gbé ọ̀kan lọ rí, mà, nínú ọkọ̀ tí a fi ń kọ́ṣẹ́. Kò sáyè àtipààrọ̀ ìjókòó, akẹ́kọ̀ọ́ ló wà á débẹ̀. Ẹni yẹn ò tíì mọ gíà kẹta nígbà náà. Gíà kejì la fi dé."

"Ó bí i láyọ̀?"

"Láyọ̀ ni, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló dákú."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni fóònù rẹ̀ ti dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n ti gbàgbé òun. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Wọ́n mà ń pè é! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é. Tíṣà ọkọ̀ ló ń dá wọn lóhùn.

Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó dá ohùn rẹ̀ padà sípò, ó ní, "Ó dáa. Èmi ni Màmá Púùṣì. Kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù rẹ. Ṣáà kà á fún mi."

Ohùn ọkùnrin náà yí padà lójú ẹsẹ̀.

"Ahaa," ó ní. "Kóòdù. Màmá, ẹ wò ó, mo ti fẹ́ máa fẹ́ràn yín."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Gbogbo ayé ló ń kìlọ̀ pé ká má fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri báńkì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

Màmá ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà fi àáké kọ́rí. Níkẹyìn, ó ní òun á dán an wò. Àwọn obìnrin tó ń pe òun máa ń sọ pé Màmá Púùṣì ní orin kan tó máa ń kọ tí ìrora bá le. Kó kọ ọ́.

Màmá wo yíká. Àwọn oníbàárà ti kún ṣọ́ọ̀bù: ọkùnrin kan tó wá ra ṣájà, obìnrin méjì tó wá fi gíláàsì tuntun sójú fóònù. Dókítà Fóònù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Màmá kọ ọ́.

*Ọmọ tó ń bọ̀, rọra máa bọ̀,*
*Ilẹ̀kùn ti ṣí, má forí gbá a;*
*Ìyá rẹ ń làágùn, bàbá rẹ ń gbọ̀n,*
*Wá fẹkún kí wa.*

"Ẹ ṣì í," ni Tíṣà wí.

"Kí ni mo ṣì?"

"'Bàbá rẹ ń sùn' ni. Gbogbo àwọn tó kọ ọ́ fún mi, 'bàbá rẹ ń sùn' ni wọ́n ń wí."

"Ọkọ wọn ni wọ́n ń bú! Èmi ni mo dá orin náà sílẹ̀, èmi ló yẹ kí n mọ ohun tí bàbá ń ṣe!"

Tíṣà rò ó. Ó ní ohùn náà jọ ti ẹni tí wọ́n ń ròyìn, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni àwọn oníjìbìtì ayé òde òní. Kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Tí òun bá fojú rí i, ọ̀rọ̀ á tán.

Dókítà fi bọ́tìnnì tó máa tẹ̀ kí kóòdù tuntun lè wá han Màmá, Màmá sì gbéra.

Pápá gbalasa kan lẹ́yìn ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀. Táyà àtijọ́ ni wọ́n tò yíká ibi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn rìn wọ àyè ìgbọ́kọ̀sí. Ọkọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé pátákó AKẸ́KỌ̀Ọ́ gàdàgbà lé lórí, Tíṣà sì wà nínú rẹ̀, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tó so táì mọ́rùn, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà jẹ́ alápatà, ọkùnrin tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Màlúù kò bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ rì sómi.

"Ẹ káàsán o!" ni Màmá kí wọn. Ẹyẹ fò lórí igi.

Tíṣà yọrí lójú fèrèsé. "Màmá, ẹ̀yin ni lóòótọ́," ó ní. "Ohùn yìí ò ṣeé jí. Ẹ wọlé sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó wọ àyè yìí tán ká dúró."

Òfin kan wà nínú ọkọ̀ Tíṣà: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, inú àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó ni fóònù rẹ̀ ń gbé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣí i. Màmá kò mọ òfin yìí. Bó ṣe jókòó báyìí ló tẹ bọ́tìnnì. Àpótí iwájú dún: *kín-ín!*

"Ó ti dé!" ni Màmá ké. "Ṣí i!"

"Ọkọ̀ ń rìn, mà."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní kó tó kú!"

"Òfin ni, mà. Tó bá wọlé tán, mo máa ṣí i."

Alápatà kò wọlé. Ó fẹ̀yìn rìn, ó tẹ̀ sí ọ̀tún jù. Ó jáde, ó tún fẹ̀yìn rìn, ó tẹ̀ sí òsì jù. Òógùn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Màmá di ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ mú. Ó ti gbìyànjú láti dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró ti àwọn tí nǹkan kọ̀ tí kò bọ́ sí i, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

"Mí sínú," ó wí fún alápatà, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. "O ń ṣe dáadáa. Má bẹ̀rù. Rọra... rọra... ó ti ń yọjú... ó kù díẹ̀..."

Alápatà ń mí, ó ń rọra, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń wọlé ní títọ́. Ayọ̀ kún Màmá, ó gbàgbé ibi tó wà.

"Ó yá! PÚÙṢÌ!"

Alápatà fi gbogbo ara tẹ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ fò sẹ́yìn, ó gun táyà àkọ́kọ́, ó gun èkejì, ó sì dúró lórí wọn, ìdí rẹ̀ lókè, imú rẹ̀ nílẹ̀. Pátákó AKẸ́KỌ̀Ọ́ rọra yọ̀ wá síwájú, ó bo gíláàsì.

Alápatà yọ ìka rẹ̀ kúrò lára ọwọ́ ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Màmá," ni alápatà wí, "ẹ̀yin lẹ ní púùṣì."

"Mi ò sọ ohun tí o máa tẹ̀!"

Tíṣà tú táì rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó kì í bọ àpò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí àpótí iwájú. Kóòdù ti kú. Nígbà tí Màmá tún béèrè òmíràn, fóònù ní ó ti gbìyànjú jù, kó ní sùúrù ná.

Kò sí ohun méjì tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n jókòó lábẹ́ igi. Alápatà ra omi tútù fún gbogbo wọn. Tíṣà béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá òótọ́ ni ohun tí òun ti ń sọ fún àwọn obìnrin yẹn. Màmá bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tọ̀nà, ó mi orí; èyí tí kò tọ̀nà tó, ó tún un ṣe. Àṣìṣe rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ó wò ó tìyanutìyanu, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ṣeun. O ṣeun púpọ̀." Tíṣà tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń fi bàtà tọ́ òkúta kékeré kan.

Nígbà tí fóònù gbà wọ́n láyè, Màmá tẹ bọ́tìnnì. *Kín-ín!* Tíṣà gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó kà á, ó sì dúró.

"Kí ló tún dé?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí, mà. 'Má ṣe fi kóòdù yìí han ẹnikẹ́ni.'"

"Ẹnikẹ́ni yẹn kì í ṣe èmi! Èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀! Ìwọ gan-an ni ẹnikẹ́ni tí wọn ò fẹ́ kó rí i!"

Alápatà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà lára díẹ̀díẹ̀, ó na fóònù sí Màmá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àkáǹtì ṣí. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, ìkókó lórí ìkókó: èyí tó ń ké, èyí tó ń yán, èyí tó dijú bí adájọ́, ìbejì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra. Màmá ń pè wọ́n bó ṣe ń rí wọn: "Ọmọ tíṣà ìṣirò nìyí. Èyí, inú ọkọ̀ ló ti fẹ́ yọjú. Èyí, ìyá rẹ̀ já mi jẹ." Alápatà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku wọ òun lójú.

Màmá pe àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò jẹ́ kó sọ ìtàn kankan. Ó ní kó kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà àtijọ́ yẹn kúrò, kó fi tuntun síbẹ̀, kó sì fi nọ́ńbà òun náà kún un, kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé má bàa jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo mọ́. Lẹ́yìn náà, Màmá fún Tíṣà ní nọ́ńbà rẹ̀ tuntun. Ẹni tó bá ti pè é láàárọ̀ pẹ̀lú ìrora, kó ní kó pe òun. Kì í gbẹ̀bí mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ kì í ti í sinmi. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ń ráhùn pé Màmá ń ké púùṣì lórí oúnjẹ.

Ó ku fọ́tò ọmọ tó ń parí ilé ẹ̀kọ́. Màmá wá a rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ńlá kó tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó gbé e lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, ìyá ọmọ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àtàǹpàkò Màmá ló gba ìdajì fọ́tò náà, ó pọ́n, ó sì tóbi bí òkè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ojú kan ti yọ, pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ kékeré kan tó dì.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ ẹnì kan kó bá wa gé e kúrò," ni Màmá wí, ojú sì ń tì í.

Ọmọ náà gba fọ́tò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wò ó títí. Ó ní kí wọ́n má gé nǹkan kan. Ó ní àwọn yòókù, àwọn nìkan ló wà nínú tiwọn. Méjì ni wọ́n nínú ti òun, òun àti Màmá.